Bọ́gà Aláìníbúrẹ́dì Tí Bàbá Ń Retí Kó Wú

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Ilé-Ìkàwé.
                                        Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹjọ.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ń béèrè ìdí gbogbo nǹkan, tí ẹ ní èmi ló jọ? Àlàáfíà la wà níbí, àfi ẹ̀rọ ìránṣọ mi tó tún ń já òwú bí ẹni ń bínú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Bàbá lo fẹ́ gbọ́, torí náà gbọ́.

Látìgbà tí dókítà ti ní kí Bàbá jáwọ́ nínú oúnjẹ afáralókun, pàápàá búrẹ́dì, nítorí àtọ̀gbẹ, ẹnu wọn kọ oúnjẹ pátápátá. Ìwọ náà wò ó, ẹni tó fi búrẹ́dì ṣíṣe tọ́ wa dàgbà! A ó gbé abọ́ síwájú wọn, wọ́n á fi ṣíbí tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n á ní àwọn ti yó. Mo ti dín ìbàdí ṣòkòtò wọn lẹ́ẹ̀mejì. Àbúrò mi, ẹ̀rù bà mí gan-an.

Níbi tá a jókòó sí tá à ń dúró de dókítà ni mo ti rí àwòrán kan nínú ìwé ìròyìn: bọ́gà ni, ẹran lílọ̀ sísun tí wọ́n máa ń fi sáàárín búrẹ́dì, ṣùgbọ́n ewé kábéèjì ni wọ́n fi dì í dípò búrẹ́dì. Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Ṣé ewé lè gba ẹran dúró? Kí ló máa so ẹran lílọ̀ pọ̀ láìsí ìyẹ̀fun? O ṣáà mọ̀ mí.

Mo ra ẹran, mo lọ̀ ọ́, mo gé àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ sí i. Ọkọ mi jó irin pọ̀, ó fi ṣe wáyà ìsunran, ó sì dáná èédú sẹ́yìnkùlé. Bí mo ṣe ní kí n bẹ̀rẹ̀ báyìí ni Bàbá yọjú. Wọ́n ní kí ni mò ń ṣe. Mo ní bọ́gà tí kò ní búrẹ́dì ni. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ní òun fẹ́ ránṣọ láìlo òwú. Ni wọ́n bá ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n ní kí n sún sẹ́yìn.

Wọ́n po ẹran yẹn! Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tì í, wọ́n ká a, wọ́n nà án mọ́ tábìlì. Wọ́n wá fi aṣọ bò ó, wọ́n ní kó sinmi kó lè wú. Àbúrò mi, ẹran ni kó wú o! Ọkọ mi sá lọ sẹ́yìnkùlé kí wọ́n má baà gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Nígbà tá a sun ún tán, ó le bíi bàtà. Mo rò pé Bàbá máa bínú padà sí yàrá ni. Rárá o. Wọ́n gé e sí méjì, wọ́n ń wo inú rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń wo búrẹ́dì tí kò dára. Wọ́n ní àpòjù ló ṣe é, pé ohun tó ń mú búrẹ́dì dára gan-an ló ń ba ẹran jẹ́. Wọ́n ní ẹran tó kù dà? Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n rọra kó o jọ ni, wọ́n tẹ àárín rẹ̀ wọlé díẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ lórí iná.

Ó rọ̀, omi rẹ̀ ń kán. A fi kábéèjì dì í: ewé kan ya, àmọ́ méjì pa pọ̀ gbà á dúró. Bàbá jẹ ọ̀kan tán, wọ́n tún mú òmíràn. Ńṣe ni mo kọjú sí ògiri kí wọ́n má rí omi lójú mi.

Láàárọ̀ òní, ní àkókò tí wọ́n máa ń jí lọ sídìí ààrò nígbà tá a wà lọ́mọdé, mo gbọ́ ìró omi nílé ìdáná. Bàbá ti fọwọ́, wọ́n ń bi mí pé ìgbà wo ni alápatà máa ń ṣí ìsọ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti oníbéèrè wa. Tí o bá ń bọ̀, má ra búrẹ́dì, má sì jẹ́ kí Bàbá mọ̀ pé mo sọ ọ̀rọ̀ wíwú yẹn fún ọ. Aṣọ tí mo ká wọlé ní ìbàdí ṣòkòtò wọn, mi ò gé e dànù. Ó jọ pé mo máa tó tú u sílẹ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Sísí Abẹ́rẹ́.