Ohùn Ṣọ́jà Lórí Odò Agbabu

Bùrọ̀dá Ọláyídé, ẹ kú iṣẹ́ lórí rédíò, ẹ sì kú ìfaradà ìlú tó le yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Òdìgbó ni mo wà.

Sátidé-Sátidé ni bàbá àgbà mi máa ń fi ọkọ̀ igi gbé mi lórí odò Agbabu. A ó dúró lábẹ́ igi ògùrọ̀, bàbá á súfèé, ẹyẹ á dá a lóhùn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń sín nǹkan jẹ.

Lọ́jọ́ kan tí bàbá wà nínú ọkọ̀, mo sá pamọ́ sínú koríko etí odò, mo sín ṣọ́jà tó ń dá mọ́tò dúró ní Òrè jẹ: "Họ́ọ̀tì! Ìjọba ti fòfin de odò yìí!" Ẹ̀rín ni mo fẹ́ fi pa bàbá. Bàbá kò wẹ̀yìn. Ó wọ́ ọkọ̀ gòkè, ó sì gba ilé lọ. Oṣù mẹ́ta rèé, kò dé etí omi mọ́.

Mo jẹ́wọ́, mo dọ̀bálẹ̀, mo tún sín ohùn náà jẹ níwájú rẹ̀ kó lè mọ̀ pé èmi ni. Ó sáré bò mí lẹ́nu: "Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí wọ́n wá kó wa ni?"

Mò ń bu omi sára ọkọ̀ láràárọ̀, síbẹ̀ oòrùn ń là á. Bàbá kò súfèé mọ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n ṣe? Orí rédíò ni bàbá ti ń gbọ́ òfin ṣọ́jà, rédíò nìkan ló sì gbà gbọ́. Bùrọ̀dá mi, ẹ bá mi sọ fún un pé wọn ò ti odò. Mo lè fi ohùn yín sọ ọ́ lẹ́yìn fèrèsé o, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti ń ba èmi náà lẹ́rù.