Kí Àpótí Ó Ṣófo: Ìgbésí Ayé Olóògbé Bàbá Jethro Fọlọ́runṣọ́ Bámgbóṣé (1946–2024)

Ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí ìkùukùu ṣì sùn lé orí òkè Kàbà, Bàbá wa, Jethro Fọlọ́runṣọ́ Bámgbóṣé, tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kékeré ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì to ọta ìbọn mẹ́fà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn tò ó. Ọta mẹ́fà yìí ni ó kù nínú gbogbo èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kì láti nǹkan bí ogójì ọdún. Wọ́n fẹ́ kí ó tán kí àwọn tó lọ.

A bí Bàbá ní Ekinrin-Adde, ilẹ̀ Ìjùmú, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1946. Bámgbóṣé, àgbẹ̀ oníṣu, ni baba tó bí wọn. Agatha ni ìyá wọn, obìnrin tí ìró òfì rẹ̀ máa ń jí gbogbo agbo ilé. Bàbá a máa sọ pé ìró òfì yẹn ló kọ́kọ́ kọ́ àwọn pé gbogbo ohun tó bá ń ṣiṣẹ́ déédéé ló ní ohùn tirẹ̀, etí ni a sì fi ń mọ̀ bí ó bá yí padà.

Wọ́n jáde ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1960. Ẹ̀kọ́ tó kù, ara wọn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Wọ́n á tú agogo ògiri, wọ́n á to inú rẹ̀ sórí ẹní, wọ́n á máa wò ó bí ẹni ń lálàá, wọ́n á sì tún un tò padà.

Ní 1969, ilé-iṣẹ́ omi ìjọba ní Kàbà gbà wọ́n síṣẹ́, níbi tí wọ́n ti tọ́jú ẹ̀rọ tó ń fa omi títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2004. Ní 1973, wọ́n gbé Yéjídé, ọmọ Iyah-Gbede, níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà.

Ní 1983 ni wọ́n gba ìwé àṣẹ ìbọn ẹlẹ́nu kan. Wọn kì í ṣe ọdẹ. Àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn, Bàbá Joseph, pẹ̀lú àwọn mélòó kan, a máa lọ sí ẹsẹ̀ òkè ní ọjọ́ Sátidé láti yìnbọn sí àfọ́kù igbá, ẹni tó bá fọ́ jù lọ a sì fi àwọn yòókù ṣe yẹ̀yẹ́ títí di Sátidé mìíràn. Ọta tuntun ṣọ̀wọ́n nígbà náà, nítorí náà wọ́n ń ṣa ìkarahun èyí tí wọ́n ti yìn, wọ́n sì ń fi ẹ̀tù àti òjé tún un kì.

Bí Bàbá ṣe ń tọ́jú ọta wọn dà bí ìsìn. Àpótí onírin kan ni, nínú yàrá búlọ́ọ̀kù kékeré tó jìnnà sí ilé ìdáná, pẹ̀lú èédú gbígbẹ tí wọ́n dì sínú aṣọ kí ó lè máa fa ọ̀rinrin. Ọta ọdún kọ̀ọ̀kan ní ọ̀dà tirẹ̀: pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọ̀run. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ìwé kan wà tí wọ́n ń kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sí, kọ́kọ́rọ́ àpótí sì wà ní ọrùn wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbélébùú. Lójú àwa ọmọ, bí wọ́n bá ṣí i, òdòdó ni a rò pé ó wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní 1994, òjò lé wọn kúrò nídìí iṣẹ́, wọ́n sì da ọta tuntun díẹ̀ sínú àpótí láìkùn ún ní ọ̀dà. Wọ́n ní àwọn yóò kùn ún lọ́la. Ọ̀la náà kò dé. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Bàbá Joseph fa ìbọn, ó sì dún bọ́ọ́, bí ẹni ju odó sínú ẹrẹ̀. Bàbá Joseph rẹ́rìn-ín.

“Jethro, ìbọn rẹ ń húkọ́.”

Ó fẹ́ fi ọta kejì sí i. Bàbá ti gbọ́ pé ohùn náà kò pé. Wọ́n fò mọ́ ọn, wọ́n gba ìbọn. Nígbà tí wọ́n tú u, ọ̀kan nínú àwọn tí kò ní ọ̀dà ni: ọ̀rinrin òjò ti wọ ẹ̀tù rẹ̀, òjé rẹ̀ sì ti há sí àárín ẹnu ìbọn. Bí èkejì bá tẹ̀lé e ni, ìbọn ì bá ti fọ́ mọ́ ọn lójú.

Màmá kò pariwo nígbà tí wọ́n gbọ́. Wọ́n kàn jókòó ti Bàbá.

“Bàbá Gbémiga, ẹ̀yin tí ẹ ki ọta yìí gan-an ni ẹ kò dá a mọ̀. Bí ẹ bá lọ kí n tó lọ, ta ni yóò bá mi mọ èyí tó dára nínú wọn?”

Bàbá fi ọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọrùn wọn.

“Ìyá Gbémiga, n ò ní fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún ọ.”

Láti ọjọ́ náà, wọn kò tún kì ju èyí tí wọn yóò yìn tán kí ọ̀dà rẹ̀ tó gbó. Ní 2019, nígbà tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bàìbàì, wọ́n dáwọ́ kíkì dúró pátápátá, wọ́n ń yin èyí tó wà nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyí, wọn kò pa Máàsì ọjọ́ Àìkú jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ń tún ẹ̀rọ omi ìlú ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ láti Ekinrin-Adde dé Ẹ̀júkù. Wọ́n á fi etí lé páìpù, wọ́n á di ojú, wọ́n á ní, “Ibí yìí ló ti ń dùn ún.”

Àìsàn dé ní oṣù Kẹjọ 2024, nígbà tí ọta ku mẹ́fà. Lórí ibùsùn, kì í ṣe oògùn ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n ń béèrè bóyá òjò kò jò wọ yàrá búlọ́ọ̀kù. Ìdí nìyí tí Olúwagbémiga, ọmọ wọn, fi gbé wọn lọ sí ẹsẹ̀ òkè ní Sátidé yẹn, pẹ̀lú àga. Bàbá yin méjì, apá kọ̀. Bàbá Joseph yin mẹ́rin yòókù, Bàbá sì di ojú, wọ́n ń gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ohùn rẹ̀ fi tú ká sínú ìkùukùu. “Ó pé,” ni wọ́n ń wí. Lẹ́yìn ẹ̀kẹfà, wọ́n ní kí a gbé ìbọn àti ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ fún ọlọ́pàá. Wọ́n nu àpótí, wọ́n bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, wọ́n fi lé Màmá lọ́wọ́. Ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn náà ni wọ́n sùn tí wọn kò jí mọ́.

Wọ́n fi ìyàwó wọn, Màmá Yéjídé, sáyé lọ. Àwọn ọmọ wọn, Olúwagbémiga àti Ìdùnnúolúwa. Àti àwọn ọmọ-ọmọ, Destiny, Virtue, Emmanuella àti Delight.

Ẹ̀gúsí tí Màmá fẹ́ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ ló wà nínú àpótí náà báyìí. Wọn kì í tì í. Destiny àti Virtue ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ bí ó ti wù wọ́n, Màmá kì í sì í bojú wẹ̀yìn wò wọ́n.

Bàbá, okun o, bí a ti ń kíni ní ilẹ̀ Ìjùmú; ẹ kú iṣẹ́. Ẹ sinmi nínú Olúwa, ẹ sùn ire. Ẹyọ kan kò kù.