Ìkíni Láti Abẹ́ Ìbòmú

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ara mi ti ń bọ̀ sípò, nítorí náà, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sunkún nítorí tiwa. Èédú tí a finá sí nínú yàrá, tí a sì ti fèrèsé pa nítorí òtútù, ló tú gáàsì olóró tí kò lóòórùn sí wa nímú. Oorun tó fi kùn wá dùn. Ó ṣe mí bí ẹni tí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ń gbé lọ díẹ̀díẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn yìí, ọ́síjìn ni wọ́n fi ń tọ́jú wa. Bí dókítà ti wọlé, mo ṣí ìbòmú mi kí n lè kí i bó ti yẹ ọmọlúàbí.

Nọ́ọ̀sì figbe ta: "Màmá, ẹ dá a padà! Ẹ mí ná, kí ẹ tó kíni!"

"Ta ló kọ́ ọ láti máa jágbe mọ́ àgbà?"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ ṣáà máa mí."

Bàbá àwọn ọmọ wà lórí ibùsùn kejì. Wọ́n ń sinmi. Mo kí wọn ní òwúrọ̀, mo tún kí wọn ní ọ̀sán. Wọn kò tíì dáhùn. Dókítà ní kí n má dákẹ́, pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa gbọ́. Mo rò pé omi náà ṣì ń gbé wọn lọ ni.

Bá mi kí àwọn ọmọ. Sọ fún wọn pé bàbá wọn kí wọn dáadáa.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ.