Eégbọn Inú Àyà Hamusonde

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 22, oṣù kẹrin

Hamusonde kò wá gba oògùn. Ọ̀sẹ̀ kejì nìyí. Oṣù mẹ́fà ni oògùn ikọ́ ife, mẹ́ta péré ló tíì lò. Ọ̀gá mi ní ilé ìtọ́jú — Ojú-Abẹ ni mò ń pè é, nínú ìwé yìí nìkan — ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sá. Mo ní rárá o. Aláìsàn tó gbọ́ mi yé jù lọ nìyẹn. Ní oṣù kìíní, mo sọ fún un pé kòkòrò inú àyà rẹ̀ dà bí eégbọn ara màlúù: pé a ò rí eégbọn mọ́ kò ní ká má kó màlúù lọ wẹ̀ nínú kòtò oògùn tó ń pa eégbọn. Ojú rẹ̀ là. Kò pa ọjọ́ kan jẹ. Inú mi dùn sí àfiwé yẹn débi pé mo ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 25

Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé rẹ̀. Wákàtí kan àbọ̀, iyanrìn lójú ọ̀nà. Mo bá a lábẹ́ igi, ó ń mu wàrà kíkan. Ó ti sanra. Ìyàwó rẹ̀, Bina Choolwe, bu tèmi wá. Ìdílé tiwọn àti tiwa ti ń bára wọn ṣẹ̀fẹ̀ láti ayébáyé, nítorí náà èébú ni ìkíni wa, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú.

"Ẹrú mi ti dé," ni Hamusonde wí. "Ta lo fi ewúrẹ́ yín sílẹ̀ fún? Ẹ ò kúkú ní màlúù."

Mo bi í pé kí ló dé tó fi oògùn sílẹ̀. Ó wò mí bíi pé orí mi ti dàrú.

"Òjò ti dá."

Mi ò tètè mọ ohun tó ń sọ, àfìgbà tó là á fún mi. Bí òjò bá ti dá ní oṣù kẹrin, bó ṣe máa ń dá níhìn-ín, eégbọn lọ nìyẹn. Ta ló ń kó màlúù lọ sí kòtò oògùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? "Ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ pé eégbọn ni."

Èmi ni lóòótọ́. Bí mo ṣe ń gbé igbá wàrà sílẹ̀, ó wúkọ́. Kékeré. Mo gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sínú ike fún àyẹ̀wò. Ojú ń tì mí títí mo fi délé.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26

Ojú-Abẹ ní, "Pe kòkòrò ní kòkòrò fún wọn. Ṣé dandan ni kí o fi nǹkan wé nǹkan?" Mo ní, "Ọ̀gá, ta ló ti rí i rí nínú wọn?"

Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń mọ ohun tí kò rí, àfi kó gba ọ̀dọ̀ ohun tó ti rí kọjá. Ṣùgbọ́n ohun tó ti rí náà ní ìrù. Orí rẹ̀ ni èmi mú wá. Hamusonde fa ìrù rẹ̀ jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 30

Mo padà lọ. Mo fi iná gbìyànjú: ẹyin iná tó kù lábẹ́ eérú lè jólé. Ó ní òun máa ń mọ̀ọ́mọ̀ bò ó ni, kí Bina Choolwe lè rí iná dá láàárọ̀. Mo fi èpò oko tó ń tún hù gbìyànjú. Ó ní màlúù òun ń jẹ ẹ́. Bina Choolwe rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ikọ́ náà ti ń le sí i.

Kí n tó lọ, ó fi akọ màlúù kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà hàn mí. Kò gba àjàgà lọ́rùn. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní iṣẹ́ ìtúlẹ̀, ló bá dáwọ́ dúró lágbedeméjì. "Èyí tí a ò fọwọ́ kàn rí sàn jù ú lọ," ó wí. "Eléyìí ti mọ okùn. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ń yún mi lẹ́nu. Mo gbé e mì. Bí mo bá fi lé e lọ́wọ́, tèmi ni yóò tún jẹ́. Mo kàn ní, "Ta ló wá jẹ̀bi, màlúù ni, àbí ẹni tó dáwọ́ dúró?" Mo gun kẹ̀kẹ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 3, oṣù karùn-ún

Kò wá.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 6

Ó wá. Ẹsẹ̀ ló fi rìn. Ó jókòó, kò bú mi.

Ó ní, "Màlúù inú àyà mi yìí, ṣé èmi ni mo dáwọ́ dúró lórí rẹ̀ lágbedeméjì?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ó ti mọ okùn?"

Mo ní ó ṣeé ṣe. Mo fẹ́ràn bàbá yìí. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́gbọ́n, mo bi í léèrè: níbo ni kòkòrò àti màlúù ti yàtọ̀?

"Mo fẹ́ kí màlúù ṣiṣẹ́ fún mi," ó wí. "Eléyìí, mo fẹ́ kó kú." Ó wá na ọwọ́. "Gbé oògùn wá, ẹrú."

Ọjọ́rú, ọjọ́ 8

Èsì àyẹ̀wò dé. Kòkòrò ti padà, ṣùgbọ́n oògùn ṣì lè pa á; kò tíì mọ okùn. Láti ìbẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́fà. Yóò lò ó la gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn já. Mo dúpẹ́. Ojú-Abẹ pàápàá rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ — mo ṣí ìwé orúkọ láti kọ tirẹ̀ sí i. Mo wo àwọn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn láti oṣù kìíní. Àwọn mọ́kànlá ni mo sọ ọ̀rọ̀ eégbọn fún. Mẹ́rin kò wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti fẹ́ atẹ́gùn sí táyà kẹ̀kẹ́.

Òjò ti dá fún gbogbo wọn.