Ẹni Tó Fẹ́ Kí Ẹja Gbàgbé Òun

Ìlú Idogo ni a ti bí Bàbá wa, Olóògbé Adédọ̀tun Fágbénró, lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1958. Ọ̀jẹ̀túndé Fágbénró, òṣìṣẹ́ ojú irin, ni bàbá wọn. Àpèkẹ́, ìyá wọn, ń sin adìyẹ, igbá ló sì máa ń lù láti pè wọ́n wá jẹun.

Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, Bàbá kọ́ṣẹ́ fọ́tò ní Ìlaròó lọ́dún 1976. Ọdún 1983 ni wọ́n fẹ́ Dinah, olùkọ́.

Lọ́dún 1994 wọ́n ríṣẹ́ sí Kùtọnù, níléeṣẹ́ kan tó ń fi ọkọ̀ kó àlejò lọ wo ekurá, ẹja ńlá òkun tí eyín rẹ̀ dà bí ayùn. Bàbá a pọn àgbá afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, wọn a gbé kámẹ́rà sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ omi. Wọ́n ní ibẹ̀ dákẹ́ ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ajé lọ. Ní Idogo, wọ́n fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí: ìlú tí kò lókun, báwo ló ṣe bí ọmọ òkun?

Kí ẹja lè sún mọ́ àlejò, Bàbá rántí adìyẹ ìyá wọn. Wọ́n ń fi irin lu àgbá ẹ̀yìn wọn, wọ́n sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ekurá fi mọ ìró náà. Ọ̀kan tí lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ya ló máa ń ṣáájú.

Bàbá kò ronú kan àwọn apẹja, tí wọ́n máa ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ láti lé ẹja sínú àwọ̀n. Lọ́dún 2004, Husain Bàrúwà, ọmọ Owódé tó ń pẹja níbẹ̀, lu ọkọ̀ tirẹ̀. Ekurá rò pé oúnjẹ dé. Ó fa àwọ̀n ya, ó gé ìka Husain mẹ́ta. Àwọn apẹja pa ẹja náà. Lẹbẹ yíya yẹn ni Bàbá fi dá a mọ̀ lórí iyanrìn.

Bàbá bẹ ọ̀gá wọn pé kí wọ́n má fóúnjẹ tan ẹja mọ́. Ọ̀gá ní ẹni tó sanwó gbọ́dọ̀ rí ẹja. Bàbá fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n padà sílé wá ya fọ́tò fún ìjọ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn a máa sọ fún àwọn ọmọ iléèwé pé, “Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹranko, kó wò ó, kó sì fi í sílẹ̀ bó ṣe bá a.”

Iléeṣẹ́ náà kógbá wọlé lọ́dún 2012. Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún, Bàbá àti Husain, tó ti dárí jì wọ́n, ń lọ lu àgbá lábẹ́ omi láìmú oúnjẹ dání, láti mọ̀ bóyá ẹja ti gbàgbé. Lákọ̀ọ́kọ́, méje wá. Lọ́dún 2018, ọ̀kan ṣoṣo.

Lóṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n ti ẹnubodè Ìdí-Ìrókò pa. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Bàbá lọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n dá wọn padà. Bàbá kò jẹ́ rán Husain, tó wà ní Kùtọnù, lọ lóun nìkan, nítorí ìka mẹ́ta yẹn. Màmá wa, Dinah, ti kú lọ́dún 2015, àwa ọmọ sì wà lẹ́yìn odi. Ara ògiri yàrá ni Bàbá ti ń dá wo fíìmù tí wọ́n yà lábẹ́ omi, tí wọ́n ń dúró de ìgbà tí ọ̀nà yóò là.

Ọ̀nà kò tíì là tí Bàbá fi sùn lọ́jọ́ kejìlá oṣù kejì ọdún 2021. Ọmọ méjì ni wọ́n fi sáyé lọ, Túnbọ̀sún àti Fọláṣadé, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́ta: Ọlámipọ̀, Ìtẹ́olúwakìíṣí àti Purity.

Nígbà tí Husain gbọ́, ó dá wa ọkọ̀ lọ sí ojú ibẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ ikú Bàbá ni ohùn rẹ̀ dé sórí fóònù Bàbá: “Bàbá Túnbọ̀sún, mo fọjọ́ mẹ́ta lu ọkọ̀. Ìkankan ò wá.”

Bàbá, ẹja ti gbàgbé yín. Kí Olúwa tó ni òkun má gbàgbé yín. Ẹ sùn re o.