Òkú Inú Fíìmù Ń Mí

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ̀ bóyá a máa ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà yẹn, àmọ́ ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé a kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ kí i. Màámi ṣì wà nínú opó. Ṣọ́ọ̀bù yín ní Kemta wà ní títì. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ṣí i, ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan nínú òwò bọ́tìnnì àti òwú, àwọn aránṣọ sì ti ń lọ rà á níbòmíràn.

Bàbá mi, inú ń bí mi. Ẹ kú láàárọ̀, wọ́n sì ti sin yín kí wọ́n tó kírun Àsàrí. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, òkú Mùsùlùmí kì í dúró de èrò ọ̀nà. Ibi iṣẹ́ ni mo wà l'Ékòó nígbà tí wọ́n pè mí. Nígbà tí màá fi dé, wọ́n ti ń wa yẹ̀ẹ̀pẹ̀ bò yín. Mo fẹ́ figbe ta, Àáfà ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé igbe alààyè a máa ni òkú lára nínú sàréè. Mo bá gbé e mì. Ta ló fẹ́ ni bàbá ẹ̀ lára?

Láti ọjọ́ náà, omijé kọ̀, kò wá mọ́. Àdúà ọjọ́ kẹjọ kọjá, ti ogójì kọjá, ojú mi gbẹ táútáú. Àwọn ìyá àdúgbò ń wò mí bí ọmọ tí kò mọ oore. Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni ojú yín tí mi ò rí kẹ́yìn. Bí mo bá bi Màámi bó ṣe rí, wọ́n á ní kí n máa ṣàdúà fún yín.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, èmi àti Màámi jókòó ní pálọ̀, a ń wo fíìmù kan. Fíìmù náà ò dáa, ẹ jẹ́ n sòótọ́. Kò lórí, kò nídìí, orin rẹ̀ sì ń pariwo bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan kú nínú rẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti ìrìnàjò dé, wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀ fún un. Ni mo bá rí i tí aṣọ náà ń lọ sókè sódò lórí àyà rẹ̀. Ibi tí ẹ máa ń gbádùn jù nìyẹn. Báwa bá ń nu ojú, ẹ̀yin á nàka sí tẹlifíṣọ̀n, ẹ á máa rẹ́rìn-ín pé òkú ń mí, ẹ ò sì ní jẹ́ ká ráyè sunkún wa. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Igbe tó jáde lẹ́nu mi, mi ò mọ̀ pé ó wà nínú mi.

Àwọn èèyàn rò pé ìbànújẹ́ inú fíìmù ló ń pa wá lẹ́kún. Irọ́ ni. Bàbá yẹn pa mí lẹ́kún nítorí pé ó máa dìde. Àwọn tó ń ya fíìmù á ní ó tó, á nu àtíkè kúrò lójú, á jẹun, á gba ilé lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀. Mo jowú àwọn ọmọ náà gan-an. Wọ́n ní ẹlẹ́kún sunkún ó bá tiẹ̀ lọ, aláròpa ni kò dákẹ́. Èmi gan-an ni aláròpa.

Màámi pa tẹlifíṣọ̀n. Wọn ò ní kí n dákẹ́. Wọ́n kàn ń sọ ọ́ ni, láìwo ojú mi. Pé ojú yín dà bí ti ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan. Pé ẹnu yín ò pa dé, kò sì sí nǹkan kan nítòsí tí wọ́n lè fi so àgbọ̀n yín, ni wọ́n bá tú ìborùn ara wọn, wọ́n fi so ó. Pé àwọn ń wo àyà yín lábẹ́ aṣọ títí wọ́n fi gbé yín lọ, bóyá á mì. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ń wò yín? Kí lẹ fẹ́ béèrè, Bàbá mi? Ṣé èmi lẹ̀ ń wá?

Wọ́n fa ìborùn búlúù kan yọ lábẹ́ tìmùtìmù, wọ́n fi nu ojú mi. Mo bi wọ́n bóyá òun náà ni.

"Òun ni. Mi ò tíì fọ̀ ọ́."

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ẹkún rẹ̀ ti dé.