Afárá Tí Bàbá Kì Í Gbà

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà, ẹ̀yin, ìyàwó yín àtàwọn ọmọ? A dúpẹ́ níbí, àfi ẹsẹ̀ Bàbá tó tún wú.

Ìjọba fẹ́ wó afárá kékeré tí Bàbá bá wọn da kọ́ńkéré rẹ̀ nígbà èwe wọn. Ẹ rántí bá a ṣe ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n láti gbà á. Àná ni Bàbá sọ fún mi pé àbúrò àwọn já bọ́ sódò níbi iṣẹ́ náà, wọn ò sì rí òkú rẹ̀.

Bàbá ní, "Èmi ni mo bá a wáṣẹ́ ọ̀hún."

Mo dì wọ́n lọ́wọ́ mú, a jọ rìn dé àárín afárá. Wọ́n wo omi, wọ́n ní, "Àbúrò mi, má bínú."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n. Ẹ má bi wọ́n ní nǹkan kan, ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n gbóhùn yín. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká wá ara wa tì.

Àbúrò yín obìnrin